Àgbẹ̀ Kòkó Ni Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Físà Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ìgbéyàwó Yéwándé síbí lẹ ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe dé Kánádà. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín látòkèdélẹ̀. Ẹnu ń yún mi, inú sì ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni Yéwándé. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tó ti wà ní Kánádà. Bàbá rẹ̀ kú kó tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tó pè mí pé òun àti Fẹ́mi ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì dúró síbi tó yẹ kí bàbá mi dúró." Kí ni ìyá á tún fi dáhùn bí kò ṣe pé mò ń bọ̀?

Kò pẹ́, àwọn méjèèjì fi ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù. Ìtọ́ni fún àlejò ni wọ́n pè é. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ máa parí. Kí a tètè béèrè físà. Kí a má di ẹran gbígbẹ, èso tàbí irúgbìn sínú ẹrù. Kí a wá aṣọ òtútù. Wọ́n ní ìrìn díẹ̀ wà láti hòtẹ́ẹ̀lì dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn àgbàlagbà ro ti ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀rín pa mí níbẹ̀. Èmi tí mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè dé òkè láìsinmi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ?

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá lè wá lè wo ìgbéyàwó náà lórí fídíò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Délé ni àbúrò mi ọkùnrin. Àkúrẹ́ ló ń gbé, ọ́fíìsì ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ìjọ Áńgílíkà wọn kì í sì í ṣe ìpàdé láìpè é. Ó mọ̀wé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wá sílé mi ní Òdòdé Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní ká jọ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ní òtútù Kánádà kì í ṣe eré. Ó ní mi ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ó ní ṣé kò ní sàn kí n jókòó sí pálọ̀ òun, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí n máa wo ọmọ mi lórí tẹlifíṣọ̀n, kí òun lọ fà á lọ́wọ́ dípò mi.

Mo bi í pé ṣé òun ló bá mi gbé oyún rẹ̀ ni.

Nígbà tó rí i pé mi ò yẹsẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kọ fọ́ọ̀mù físà. Mo jókòó tì í. Ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ó tẹ nǹkan kan, ó sì fẹ́ yára kọjá. Mo ní kó dúró, kó ka ohun tó kọ sétí mi. Oníṣòwò ló kọ. Pé aṣọ ni mò ń tà.

Aṣọ wo ni mo tà rí láyé mi?

Délé ní kí n má bínú, pé tí àwọn òyìnbó bá ti rí àgbẹ̀, wọ́n á rò pé ìyà ni mò ń sá fún, wọn ò sì ní fún mi ní físà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ó ní dókítà ni bàbá ọkọ, dókítà ni ìyá ọkọ, ṣé ó wá yẹ kí wọ́n gbọ́ pé... Kò lè parí ẹ̀.

Mo bá a parí ẹ̀. Mo ní, "Pé kòkó ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń fọ́?"

Ẹ wò ó, kòkó tí Délé ń tijú yẹn ló rán an lọ sí yunifásítì. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí mo gba oko tó wà lọ́nà Atosin, kí òun lè máa kàwé lọ. Mi ò fi ṣe ìrègún rí, àmọ́ mo fi ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó pa aṣọ títà rẹ́, kó kọ àgbẹ̀ kòkó síbẹ̀. Ó kọ ọ́. Ojú rẹ̀ le bíi tẹni tó ń jẹ orógbó.

Àwọn oníṣẹ́ físà wá fún mi ní ọjọ́ tí màá lọ tẹ̀ka ní Èkó. Ẹ gbọ́ àṣìṣe tí mo ṣe, àgbẹ̀ kòkó nìkan ló lè ṣe irú ẹ̀. Àárín ìkórè ni, kòkó ti pọ́n lórí igi, kò sì lè dúró dè mí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan tó ṣáájú ọjọ́ náà ni mo fi ń fọ́ kòkó. Títí kan ọjọ́ tó ku ọ̀la, mo ṣì wà lóko, mo ní kí n ṣe èyí tó kù tán kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Mo dé Èkó, mo múra dáadáa, mo gbé ìka lé ojú ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bá mi nu ìka, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Pàbó ló já sí. Ó wá yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó wò ó. Omi kòkó ti sọ ọ́ di dúdú, èèpo kòkó ti ha á, èèkù àdá sì ti fá ojú ìka dànù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó fi ọ̀wọ̀ bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, àmọ́ kí n tó dáhùn, ó ti wo fọ́ọ̀mù mi. Ó ní ó ti yé òun. Ó ní kí n lọ jẹ́ kí ọwọ́ mi sinmi, pé wọ́n á fún mi ní ọjọ́ míì.

Ẹ rò ó wò ná. Ká ní aṣọ ni mo kọ pé mò ń tà, kí ni ǹ bá sọ fún ọmọ yẹn? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Délé ì bá má lò tó oṣù méjì.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín, mo sunkún nínú mọ́tò. Ọwọ́ tí mo fi tọ́ ọmọ ló tún fẹ́ dí mi lọ́nà ìgbéyàwó ọmọ. Délé pè mí, ó ní ṣé òun ò sọ. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ìgbà tí a dé Òrè ni mo tó nu omijé nù.

Mojísọ́lá ló gbà mí. Ará Ìwó ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń bá mi ṣiṣẹ́ lóko láti ọdún mẹ́ta. Bí mo ṣe rò ó fún un tán, ó gba àdá lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kòkó kankan mọ́ títí ọjọ́ yẹn á fi pé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa."

Èmi? Kí n káwọ́ lẹ́rán kí kòkó máa pọ́n? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n káwọ́ lẹ́rán. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, màá ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, màá fi òrí pa á, màá wọ ìbọ̀wọ́ lé e. Mojísọ́lá ò jẹ́ kí n fọ abọ́ pàápàá. Àwọn ará àdúgbò ní mo ti di ìyàwó tuntun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa bọ̀ wá kí mi.

Mo padà sí Èkó. Ìka mẹ́jọ wọlé. Àtàǹpàkò méjèèjì ṣe agídí, ọmọbìnrin náà tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí tó fi ní ó ti tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, físà dé.

Ẹni tó ń kọ́ mi ní fọ́ọ̀mù ńkọ́? Délé ti sọ fún gbogbo ẹbí pé kékeré ni tòun, ó bá ń fi falẹ̀. Ìgbà tó máa yọ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ síta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kó sì tó gba tuntun, ọjọ́ ti lọ. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìtọ́ni àlejò nìyẹn o! Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáa, mo fi ṣe díẹ̀.

Nígbà tó wá dágbére fún mi, ó mú ìbọ̀wọ́ funfun kan dání. Léèsì ni, ó rẹwà. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí fọ́tò lè dára. Mo mọ ohun tó ń fi pamọ́. Mo dúpẹ́, mo fi í sínú báàgì.

Mo dé pápákọ̀ òfurufú Kánádà, ẹ̀rọ tiwọn náà ò mọ ìka mi. Wọ́n darí mi sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kan. Ẹ rántí pé ọ̀tunla ni ìgbéyàwó. Ó béèrè ibi tí mò ń lọ, mo mú ìwé ìpè tí Yéwándé kọ jáde. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú àdírẹ́sì àti nọ́ńbà wọn, mi ò gbára lé fóònù. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo ní àgbẹ̀ kòkó ni mí, mo sì na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wá bi mí pé ta ló ń bójú tó oko náà báyìí.

Irú ìbéèrè tí mò ń wá nìyẹn! Mo fi gẹ̀ẹ́sì mi ṣàlàyé fún un pé kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan kí n tó kúrò nílé ti tó sá, pé Mojísọ́lá ló ń yí i nínú oòrùn, àti pé tí mo bá lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, igbó á gba oko lọ́wọ́ mi. Mo fi fọ́tò kòkó hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀. Oko tí wọ́n ní kí n fi pamọ́ ló jẹ́rìí mi pé màá padà sílé.

Ẹ má tíì máa yìn mí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo bọ ìyá ọkọ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ múlọ́múlọ́ bí òwú. Ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń jà látìgbà yìí wá, mo yọ ìbọ̀wọ́ Délé jáde nínú báàgì, mo wọ̀ ọ́.

Yéwándé bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ọwọ́ mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó kó o fún mi. Ó ní, "Màámi, ọwọ́ yín ni mo fẹ́." Báyìí ni mo ṣe fà á wọlé, ọwọ́ dúdú mi lórí aṣọ funfun rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò ó, Délé náà ń wò ó láti pálọ̀ rẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo dá ìbọ̀wọ́ náà padà fún un. Mo ní kó wọ̀ ọ́ wá bá mi fọ́ kòkó lọ́jọ́ Sátidé. Ó wá, kò wọ̀ ọ́. Kó tó di ọ̀sán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò, kò sì sọ pé òun ń lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó lókèèrè, ẹ wo pásípọ́ọ̀tù yín lónìí. Ẹ tẹ ìwé ìpè sórí bébà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó lọ tẹ̀ka, kẹ́ ẹ sì wá òrí. Àmọ́ iṣẹ́ tó bọ́ yín, ẹ kọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ti ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ rí kẹ́ ẹ tó lè wọ ìlú òyìnbó? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Fóònù mi kò mọ ìka mi títí dòní, nọ́ńbà ni mo fi ń ṣí i, ṣùgbọ́n màá ka gbogbo rẹ̀.