Ẹni Tó Ni Ojú

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní àdúgbò Challenge láti kọ́ṣẹ́ àwòrán ara ògiri, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, òfin kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi: “Tó o bá fẹ́ ya ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ fi han ẹni tó ni ojú.” Ogún ọdún ni mo fi pa á mọ́. Wòlíì kan tiẹ̀ ní kí n bá òun dín imú òun kù. Mo dín in.

Bódìjà ni mo ti wá rú òfin náà. Màmá Ìlérí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù, àwọn tí ọpọlọ wọn ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ayé wọlé lọ́nà tiwọn. Mo ya orí ọmọdé kan aláwọ̀ búlúù sókè géètì, mo yọ ègé kan kúrò nínú rẹ̀, bí àwòrán tí àwọn ọmọdé máa ń tò pọ̀ tí ègé kan sọnù. Orí fóònù ni mo ti rí i. Iṣẹ́ náà wù mí débi pé mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ni Ìlérí bá dé. Ọmọ màmá yìí ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òun náà ní ọ́tísímù, òun ló sì máa kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà láti ọjọ́ Ajé. Kò kí mi. Ó wo òkè.

“Ẹ̀yin lẹ yà á?”

“Èmi ni o.” Mo na ọrùn, mo ń retí ìyìn.

“Kí ló sọnù nínú orí mi?”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tó dúró sẹ́yìn, ó sọ fún un pé òun kò ní gba abẹ́ orí yẹn kọjá lọ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Màmá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

“Ìlérí, àmì ọ́tísímù tí gbogbo ayé ń lò nìyẹn.”

“Ta ló bi wá léèrè?”

Òfin ọ̀gá mi gbá mi létí. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ya ìlà kan tó lọ, tó yí, tó padà, tí kò lópin, bí nọ́ńbà ẹ́ẹ̀tì tó dùbúlẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọ́tísímù bíi tòun fẹ́ràn èyí, nítorí pé kò sí ohun tó sọnù lára rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Òjòó, tí òun náà ní ọ́tísímù, kò bínú sí ègé yẹn rárá. Orí ọmọdé ni kò fẹ́, torí pé ọ̀rẹ́ náà ti ní irùngbọ̀n.

Mo fi ọ̀dà funfun pa orí náà rẹ́, mo ya ìlà náà ní àwọ̀ òṣùmàrè. Ìlérí gbé rúlà wá, ó wọn apá méjèèjì. Ìgbà mẹ́ta ni mo tún un ṣe. Mo ní ọ̀gá mi gan-an kò yọ mí lẹ́nu tó báyìí rí.

“Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀,” ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dúró sábẹ́ géètì, ó gbójú sókè. Èmi àti ìyá rẹ̀ náà gbójú sókè.

“Ó dára,” ló wí. “Ṣùgbọ́n orúkọ yín ti tóbi jù.”

Ó wọlé lọ kọ́ àwọn ọmọ. Èmi náà lọ gbé àkàbà mi.