Eyín Iwájú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ má bi mí nípa sùúrù, mi ò ní in. Pàápàá láyé ìgbà tí mo ń ṣe eyín àtọwọ́dá nílé ìwòsàn eyín kékeré kan l'Ẹ́gbẹ́dá, ní nǹkan bí ọdún 1996, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ.

Ìyá ọkọ mi ní eyín kan níwájú tó ṣeé yọ, tí ọmọ wọn àgbà ní kí wọ́n ṣe fún wọn nílùú òyìnbó. Tàìténíọ̀mù ni inú rẹ̀, irin fúyẹ́fúyẹ́ tí kì í dípẹtà. Résìnì funfun, ike líle kan tó jọ eyín gidi, ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀. Àfi bí résìnì ṣe bọ́ lọ́jọ́ kan, tó ku irin nìkan. Bẹ́ẹ̀ Màmá ló ń lé orin ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn o! Obìnrin tí ẹ̀rín wọn máa ń dé Ìdímù kí wọ́n tó kúrò n'Ẹ́gbẹ́dá wá ń fọwọ́ bo ẹnu.

“Ìyàwó mi, mi ò lè fi irin kọrin níwájú gbogbo ìjọ. Kí wọ́n gbé orin fún ẹlòmíì ṣá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn.

Résìnì kì í dédé lẹ̀ mọ́ irin. A ó fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn sí irin náà títí kò fi ní dán mọ́, a ó fi oògùn kan kùn ún, ká tó fi résìnì lé e, ká wá tan iná búlúù sí i kó lè le. Mo ṣe é, ó rẹwà. Lọ́jọ́ kejì, àkàrà ló ṣí i. Àkàrà o, kì í ṣe egungun! Mo tún un ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò, ó tún bọ́. Mo bá résìnì jà, mo bá iná búlúù jà, díẹ̀ ló kù kí n bá ọkọ mi jà.

Ó di Sátidé, ìkórè dọ̀la. Mo fẹ́ iyanrìn tán báyìí ni wọ́n mú iná lọ, bí wọ́n ṣe mú un lọ láwọn ìgbà tó kọjá. Mo fi Màmá sílẹ̀ lórí àga, mo sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo débẹ̀, mo rántí pé mi ò mú kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀. Mo padà wọlé.

Yéè! Màmá ti mú eyín náà sọ́wọ́, wọ́n dijú, wọ́n ń fi òróró àdúrà pa á lára.

“Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mò ń gbàdúrà sí i ni jàre. Gbogbo ìgbà tóo bá jáde ni mo máa ń ṣe é.”

Orí mi gbóná. Résìnì wo ló fẹ́ lẹ̀ mọ́ òróró? Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó kì í sọ sí ìyá ọkọ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

“Àdúrà kí ni, mà?”

“Pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kójú tì ọ́ níwájú dókítà ọ̀gá rẹ. Nítorí eyín mi, o ò jẹun láti àná.”

Ìbínú mi kú síbẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú.

“Ẹ gbàdúrà náà sí ọwọ́ mi, mà. Irin yìí ni ò fẹ́ òróró.”

Wọ́n fi òróró pa ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n gbàdúrà gígùn. Mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọ̀hún dáadáa, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, Màmá dìde. Ọwọ́ wọn kọ́kọ́ lọ síbi ẹnu, bó ti mọ́ wọn lára. Wọ́n wò mí láàárín èrò, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n sì la ẹnu gbàgà. Mo kígbe “Àmín!” kí orin tó bẹ̀rẹ̀.