Ọ̀bẹ Fílípìnì tí Mo Tò Sódì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá Tíṣà gbé ọ̀bẹ yẹn wá, mo ti ń ṣe alágbẹ̀dẹ ní Adó fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì gbà pé kò sí irin tó lè dójú tì mí mọ́. Àdá àti ọkọ́ ni mò ń rọ jù, nínú ìsọ̀ mi tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Ìjan, ti fi ẹwìrì sílẹ̀, àmọ́ àràárọ̀ ló ń wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà kó lè máa rí àṣìṣe mi.

Màmá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bùnmi, ọmọ rẹ̀, ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Nọ́ọ̀sì ọmọ Fílípìnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún Bùnmi ní ọ̀bẹ náà, òun ló sì fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́. Balísọ̀ngì ni wọ́n ń pè é. Èèkù méjì ló ní, ìkọ́ kékeré kan sì wà lẹ́nu ọ̀kan tí a fi ń so wọ́n pọ̀. Bí a bá pa wọ́n dé, ọ̀bẹ á wà láàárín wọn bí ọmọ tó sùn sáàárín òbí. Màmá di èèkù tí kò ní ìkọ́ mú, ó ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀bẹ yọ. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọsàn ló fi ń bó. Àwọn ìṣó tó so èèkù mọ́ ọ̀bẹ ló ti ń mì, ó sì bi mí bóyá mo mọ irú rẹ̀.

"Irú rẹ̀ pọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, Mà," ni mo wí.

Bàbá Ìjan kàn wúkọ́ ni.

Bí Màmá ti lọ, mo yọ ìṣó méjèèjì, gbogbo rẹ̀ sì tú ká. Mo rọ ìṣó tuntun, mo tò ó padà, mo fi òróró pa á títí ó fi ń dán. Oníbàárà mẹ́ta tó ń dúró de àdá wà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n wá wòran. Mo di èèkù tí kò ní ìkọ́ mú bí Màmá ti ṣe, mo ju ọwọ́. Ojú ọ̀bẹ gan-an ló já lé ìka mi méjì. Mo ti gbé èèkù ọ̀tún sí òsì: èyí tó yẹ kó máa kan ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló wá ń kan ojú rẹ̀.

Bàbá Ìjan fi aṣọ di ìka náà fún mi bí ẹni tó ń di ìka ọmọdé. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà tí Màmá padà dé lọ́jọ́ kejì, mo ti tún ọ̀bẹ náà tò bó ṣe yẹ. Ó bi mí ohun tó ṣe ìka mi, mo ní àkùkọ kan ládùúgbò ló fẹnu gún mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ó ní kí ẹni tó rọ ọ̀bẹ náà fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ mi, ó gbé fóònù, ó pe Bùnmi kí a jọ máa rí ojú ara wa. Bùnmi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ wa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ ní Fílípìnì.

Bàbá arúgbó kan yọ, ó jókòó ti iná àgbẹ̀dẹ tirẹ̀. Mo na ọ̀bẹ síwájú fóònù kó lè rí i. Kò wo ọ̀bẹ. Aṣọ tó wà níka mi ló ń wò. Ó wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Àpá mẹ́rin ni mo kà lórí ìka méjì kan náà.

"Ó jọ pé àkùkọ àdúgbò yìí ti dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà," ni Màmá wí.

Bàbá náà rí ọkọ́ kan lẹ́yìn mi. Ó ní kí wọ́n bá òun béèrè bí mo ṣe ká ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹ̀rúkọ́ ń wọ̀, tí irin kò fi ya. Mo ti irin bọná, mo ká òmíràn lójú rẹ̀, pẹ̀lú ìka dídì. Kò ṣẹ́jú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá mú fọ́tò wá lórí fóònù rẹ̀: ọkọ́ tí bàbá Fílípìnì yẹn rọ. Ọrùn rẹ̀ wọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sóko. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo gbé fóònù fún Bàbá Ìjan kó wá wo iṣẹ́ ọ̀gá Fílípìnì.

Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́.

"Ó dára ju èyí tí ìwọ kọ́kọ́ rọ lọ," ó wí, ó sì dá fóònù padà fún mi.