Ṣáàtì Òjò Àwọn Ọ̀gá Mẹ́ta

Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà, níbi tí a ti ń ṣàkọsílẹ̀ òjò fún àwọn àgbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ṣèlérí fún mi pé bí mo bá lè kó ṣáàtì, ìyẹn àwòrán tó ń fi iye òjò hàn, ti àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan kí àwọn àlejò wa tó dé, àwọn á fọwọ́ sí ìwé tó máa sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Nǹkan tí mò ń wá láyé nígbà náà ò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ló ní agolo tí wọ́n fi ń wọn òjò lẹ́yìnkùlé wọn: ọ̀gá àgbà ní Akóbò, igbákejì wọn ní Àpáta, màmá tó jẹ́ ọ̀gá kẹta ní Apẹ̀tẹ̀. Ọ̀gá àgbà fẹ́ kí ṣáàtì tàwọn jẹ́ ọ̀pá ọ̀pá, igbákejì fẹ́ ìlà, màmá ní àmì róbótó ló wu àwọn.

Àkójọ kóòdù kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà fún irú iṣẹ́ yìí. Èèyàn á kàn tẹ ọ̀rọ̀ kan, ṣáàtì á tò léra. Mo tò wọ́n léra. Màmá bínú: àwọn ti wà ní ọ́fíìsì yìí kí igbákejì tó dé, báwo ni tàwọn ṣe wà lábẹ́ tiwọn? Mo bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀gá àgbà, tí tiwọn bọ́ sápá òsì, bi mí bóyá mi ò mọ̀ pé a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo gbé tiwọn sáàárín, igbákejì bọ́ sósì, ló bá tún di wàhálà. Inú bí mi gan-an. Àgbàlagbà mẹ́ta ń fi òjò jà sípò.

Mo pinnu pé kò sẹ́ni tó máa wà lókè mọ́. Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ṣáàtì kan ṣoṣo, mo pè wọ́n wá wò ó.

Gbogbo àmì róbótó màmá jókòó sórí ọ̀pá ọ̀gá àgbà gẹ́lẹ́, ìlà igbákejì sì gba àárín wọn kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin rẹ̀. Òjò Ìbàdàn, tó lè pa Akóbò kó má kan Àpáta rárá, ti rọ̀ bákan náà nílé ẹni mẹ́ta. Mi ò fura tẹ́lẹ̀, torí ìrísí wọn ò jọra. Èwo nínú wọn ló wọn òjò, èwo ló da tẹnìkejì kọ, mi ò mọ̀ títí dòní.

Màmá ń wo igbákejì, igbákejì ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá àgbà ní, “Tú u ká. Tèmi lè wà nísàlẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá tú u ká, òjò ẹnì kan náà ló ṣì máa jẹ́.”

Wọ́n sún ọjọ́ àwọn àlejò síwájú. Wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí n máa lọ wọn òjò Akóbò, Àpáta àti Apẹ̀tẹ̀ fúnra mi, láràárọ̀.