Orí Ìkẹyìn Tí Felicia Kà

Bọ́láwálé, aládùúgbò mi ní Ìjerò, kì í gba nǹkan gbọ́ kí ó tó là á wò. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ni ìjọba fi ṣe ayẹ̀kòkówò: yóò fi ọ̀bẹ la hóró kòkó, yóò wò ó bóyá inú rẹ̀ ti bu. Nígbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú, gbogbo àdúgbò ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, títí kan pásítọ̀.

Ìwé ìtàn ọ̀daràn ló fẹ́ràn, ti òǹkọ̀wé kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, Felicia ìyàwó rẹ̀, tíṣà àtijọ́, ló ń kà á sí i létí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọ̀pá tálẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ìwé tuntun lábẹ́ abíyá.

"Bàbá Rótìmí, òǹkọ̀wé mi yìí já mi kulẹ̀. Wọ́n fi májèlé sọ́bẹ̀ afọ́jú kan, ó kú. Nígbẹ̀yìn, ó ní dírẹ́bà ló ṣe é. Dírẹ́bà tó wà ní Ìlọrin lọ́jọ́ náà! Ṣé fóònù ló fi da májèlé sọ́bẹ̀ ni?"

"Bóyá ó ti darúgbó."

"Bóyá. Ṣùgbọ́n àpò kòkó tí òkè rẹ̀ dára tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bu, ẹnìkan ló pò ó pọ̀. Ka orí ìkẹyìn fún mi."

Ǹ bá ti kọ́kọ́ fojú kà á. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kà á sókè, ni kò bá sí dírẹ́bà kankan níbẹ̀. Ìyàwó afọ́jú náà ló ń bu májèlé sí i lọ́bẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bọ́láwálé gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Òǹkọ̀wé mi ò jẹ̀bi. Felicia ló yí i padà. Kí ló ń fi pa mọ́?"

Ó dìde. Mo ṣírò ohun tí ẹnu mi lè ná wọn, ìgbéyàwó ogójì ọdún nítorí ìwé kan, mo sì tẹ̀ lé e dé ilé wọn.

Iyán ti wà lórí tábìlì. Bọ́láwálé jókòó, kò fọwọ́ kàn án.

"Felicia, ta ló pa afọ́jú?"

Obìnrin náà wò mí. "Bàbá Rótìmí, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìyàwó rẹ̀ ni. Bí mo bá kà á bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa jẹun nílé yìí mọ́? Ẹ̀yin tí ẹ bi pásítọ̀ léèrè ikú ewúrẹ́?"

"Tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò ná."

Kò bínú. Ó fa àga, ó ṣan ọwọ́, ó bu òkèlè. Ó bu òmíràn. Ó mú ẹran kan, ó mú ìkejì.

"Felicia, ó ti tó."

"Rárá o. Ìsàlẹ̀ àwo ló lè wà. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

"Bàbá Rótìmí, ẹran mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan," mo ní.

Kí n tó panu dé, ọwọ́ Bọ́láwálé ti wà nínú ọbẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣan án.