Àárọ̀ Tí A Pàdé Lẹ́nu Géètì Ilé-Ìwé

Tọ́rọ́ kan ni mo fi ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nígbà tí mo wà nílé-ìwé, mo sì máa ń yó. Lónìí, ẹgbẹ̀rún kan náírà kò lè yó ọmọ ọkùnrin ní Ìlaròó. Ṣílè díẹ̀ ni mo fi wọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ń lọ sí yunifásítì. Ọ̀nà yẹn kan náà ti di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n owó ọjà kò já mi láyà mọ́. Ohun tí àyà mi ṣì ń já sí ni ohun tí ojú wa rí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́nu géètì ilé-ìwé ìjọba kan, nítorí ọmọ ọmọ mi obìnrin.

Ilé-ìwé náà kì í gba ọmọ púpọ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ ṣe ìdánwò. Bó bá yege, wọ́n á pè é wá dáhùn ìbéèrè lójúkojú, kí wọ́n tó mú àwọn tí wọ́n fẹ́. Ọmọ wa ti yege, ó ku ìbéèrè ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Kánò ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, torí náà èmi ni mo máa tẹ̀ lé ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ jẹ́ kó wọlé ná."

Mo ní kò burú. Nígbà tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò girama, gbogbo agboolé ló mọ̀. Ìyá kan lójúde wa ló wá jí mi kí n má bàa pẹ́, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ló sì gbé mi lọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Àlàájì tó ń ta àgbàdo lọ́jà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la jọ máa ń jókòó níwájú ilé mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún lápò rẹ̀, ó yọ ọ́ wò fìrí, ó tún fọwọ́ bò ó, ó ní, "Tíṣà, mò ń lọ kí àwọn olóòkú kan ní Afon lọ́la. Mo lè sùn síbẹ̀."

Mo ní, "Èmi náà ń lọ wo ẹ̀gẹ́ mi ní Igbogila lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀."

"Mú tèmi bọ̀ níbẹ̀ o, ahun!"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, èmi, ìyá ọmọ àti ọmọ dé ẹnu géètì. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wò wá. "Ìbéèrè kẹ̀? Wọ́n ti ṣe é tán lánàá. Orúkọ àwọn tó wọlé là ń retí lónìí."

"Lánàá báwo?" Ìyá ọmọ ti ń kígbe. "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sọ!"

"Wọ́n yí i padà. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo òbí."

Ìyá ọmọ fa fóònù rẹ̀ yọ. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ títí di alẹ́ Ọjọ́rú, tó ń ra àǹkárá, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá ti dé ọ̀hún, nẹ́tíwọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ ni fóònù máa ń gbá mú. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò wọlé títí dòní.

Bí mo ṣe yíjú, ta ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò? Àlàájì, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Tíṣà! Ṣé ibí lẹ̀gẹ́ rẹ wà?"

"Ṣé ibí ni wọ́n sin òkú Afon sí?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ àdúgbò wa, tó ti sọ fún gbogbo èèyàn pé Òkè-Ọ̀dàn lòun ń lọ, fi gèlè bojú. Nígbà náà ni Àlàájì bèèrè pé, "Ọmọ rẹ ńkọ́? Mi ò rí i níbi ìbéèrè lánàá."

Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Tíṣà, inú àpò mi ni àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wà níwájú ilé rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dún. Mo fọwọ́ bò ó kí o má bàa bi mí."

Mo rántí pé ó dún lóòótọ́.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé jáde, obìnrin tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn Àlàájì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn tòun ti aṣọ funfun.

"Háà! Bàbá, ẹ dìde!"

"Mi ò dìde. Ẹ bá mi bi ọmọ yìí ní ìbéèrè. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́."

Obìnrin náà ní òun á lọ bá ọ̀gá sọ ọ́. A dúró. Òjìji igi kúrò lórí wa, kò sẹ́ni tó sún. Ọmọ wa ń ka ìdáhùn rẹ̀ sínú, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ó pe orúkọ. Ọmọ ọmọ Àlàájì wọlé. Ọmọ aránṣọ wọlé. Ó wá sún mọ́ wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀: àyè ti kún, wọ́n ti fi orúkọ ránṣẹ́ sókè láàárọ̀, kò ṣeé yí mọ́.

Ọmọ náà wò mí. "Bàbá, wọn ò tiẹ̀ ní bi mí ní nǹkan kan?"

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àlàájì, ẹ kú oríire."

Girama tó wà nílé ni ọmọ wa lọ.

Nínú àwa tí a wà lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà, Àlàájì ti kú. Ọmọ ọmọ rẹ̀ wà. Aránṣọ wà láàyè, ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ayétòrò. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ti kú. Igbákejì ọ̀gá ti fẹ̀yìntì; mo gbọ́ pé ó wà. Ìyá ọmọ wà, ọmọ náà wà, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Èmi náà ṣì wà.