Nígbà Tí A Gbé Àjẹ̀ Sókè ní Ìkúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, kí ẹ má baà rò pé ìṣojú yín ni ìjà nítorí ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Òyìnbó ló ṣì ń jọba nígbà náà. Àwọn olóṣèlú ti ń fi òmìnira dá wa lárayá, ṣùgbọ́n kò tíì dé. Afárá gígùn tó gba orí omi kọjá lẹ́yìn Bàrígà lónìí, kò sẹ́ni tó lá a lálàá. Ní Ìlàjẹ tó wà létí Bàrígà, ilé orí òpó là ń gbé, omi ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ ibùsùn wa.

Èmi kì í ṣe ọmọ omi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi, ìfẹ́ apẹja ló gbé mi dé etí ọ̀sà. Mo mọ ẹja yan dáadáa, ṣùgbọ́n n kò mọ odò wẹ̀ títí dòní. Ìyá ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyàwó ará òkè, omi tó ń bọ́ ọ lo ń sá fún.” Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Lẹ́yìn ilé wa, apá kan ọ̀sà wọ inú igi ẹ̀gbà lọ, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn nà sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Ibẹ̀ ni ẹja ti ń yé, ibẹ̀ lọmọ ẹja ti ń dàgbà kó tó jáde sí gbangba ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Ìkúnlẹ̀. Kò sófin ìjọba lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó oṣù láti ṣọ́ ọ. Àwọn ìdílé apẹja ló fẹnu kò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da àwọ̀n síbẹ̀ títí omi yóò fi mọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi àáké kan igi ibẹ̀ rárá. Ìdílé kan á ṣọ́ ọ, á fi lé òmíràn lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ kọjá lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ẹni inú ọkọ̀ á gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ sókè kúrò nínú omi, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ rọra yọ́ kọjá. A kì í pariwo lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń rọbí.

Agbaṣẹ́ṣe kan wá dé. Ó ní ìjọba ti fún òun ní gbogbo igi ẹ̀gbà náà láti gé, òun yóò da yanrìn dí ibẹ̀, òun yóò sì kọ́ ilé ìlagi. Àwọn àgbààgbà bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rín ló ń rín.

“Ẹja wo ló ní ilẹ̀?” ló bi wọ́n.

Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn pé, “Ẹja ò ní ilẹ̀, ọmọ mi. Yàrá ìbímọ ló ní.”

Ojú rẹ̀ korò. Ó ní ọlọ́pàá ni òun yóò kó bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

A ti gbọ́ ohun tí ìbọn ọlọ́pàá ṣe fáwọn òṣìṣẹ́ níbòmíràn, àwọn tí kò mú igi dání, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ òkò. Ọkọ mi sì ti lọ sí etí òkun ilé wọn, lọ́nà Oǹdó. Nígbà tí gbogbo àdúgbò pàdé, ìyá rẹ̀ ní àwọn obìnrin ni kó lọ síwájú, nítorí bí wọ́n bá rí ọkùnrin, wọ́n á ní ogun ni. Ó wá kọjú sí mi.

“Ìyàwó, ọkọ̀ tèmi ni wàá wọ̀.”

“Ìyá, mi ò mọ odò wẹ̀ o.”

“Ta ló ní a fẹ́ wẹ̀? Jíjókòó la fẹ́ jókòó.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa obìnrin so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀, a fi dí ẹnu Ìkúnlẹ̀. A kò kọrin rárá. Ohun tí mò ń gbọ́ ni omi tó ń lu ikùn ọkọ̀. Nígbà tó yá, ariwo ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ lókèèrè, ọkọ̀ ọlọ́pàá yọ. Bí ó ti ń súnmọ́ wa, tó ń da omi rú, àwọn obìnrin ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́nu ibẹ̀ láti kékeré. Gbogbo wọn gbé àjẹ̀ sókè.

Àwa mọ ohun tí à ń ṣe, ṣùgbọ́n kùmọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá rí.

Sájẹ́ńtì wọn fò dìde. “Una drop dat stick! Drop am now!” Wọ́n na ìbọn sí wa.

Mo gbọ́ èdè náà, ìyá ọkọ mi kò gbọ́ ọ. Mo sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ìyá, wọ́n ní ká sọ àjẹ̀ sílẹ̀. Ìbọn ni wọ́n gbé dání o.”

“Lẹ́nu Ìkúnlẹ̀? Láéláé.”

Àjẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ìtọ̀ bọ́ lára mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé wọ́n máa pa ìyá yìí lójú mi nítorí àṣìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ọlọ́pàá kan ń ráhùn: “Mo gbé! Kí làwọn ìyá wọ̀nyí ń fẹ́?” Ohùn ilé wa ni, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọkọ̀ fì, omi wọlé, mo sì figbe ta.

“Ọmọ ìyá mi! A ò bá yín jà o! Yàrá ìbí lẹ wà lẹ́nu rẹ̀ yìí, Ìkúnlẹ̀ ló ń jẹ́. A gbé àjẹ̀ sókè ká má baà da ẹni tó ń bímọ láàmú ni. Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ tó bí ọ bẹ̀ ọ́, sọ fún ọ̀gá rẹ!”

Ó wò mí. Ó rọ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá sájẹ́ńtì sọ̀rọ̀. Sájẹ́ńtì wo àjẹ̀ wa, ó wo igi ẹ̀gbà lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà ló juwọ́ sí awakọ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ wọn náà wá ń yọ́ lọ lórí omi láìpariwo, gẹ́gẹ́ bí tiwa.

Wọn kò gé igi kankan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n mú ìyá ọkọ mi pé ó dí ìjọba lọ́wọ́. Ìgbà tó dé láti àtìmọ́lé, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ láyà. Ikọ́ yẹn ló gbé e lọ kí òmìnira tó dé. Agbaṣẹ́ṣe náà rí i pé a kò ní yẹ̀, ó wábi gbà lọ, igi ẹ̀gbà sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, a jẹ ẹja tó ti ibẹ̀ jáde. Èrè tí a jẹ nìyẹn. Nígbà tó yá, tí àwa fúnra wa ti ń ṣèjọba, wọ́n ń da yanrìn síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí ìbọn, láìsí sájẹ́ńtì, ó sì bo Ìkúnlẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú ń bí mi sí ìyẹn ju ti òyìnbó lọ. Kò sẹ́ni nínú ìjọba tó tọrọ àforíjì nítorí ìyá ọkọ mi títí di òní, ìwọ̀nba igi tó ṣẹ́ kù sì ń bẹ lọ́rùn yín.

Títì ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá ń kọjá, ọwọ́ mi á gbéra sókè fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníkẹ̀kẹ́ akérò kan rí ọwọ́ mi, ó yà dúró.

“Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Mi ò lọ síbì kankan, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, pa ẹ́ńjìnì ẹ díẹ̀.”